Fólítéèjì Ta Ni?

Ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí pílọ́ọ̀gì kan fi ń gbóná mọ́ mi lọ́wọ́. Kò rú èéfín, kò rùn. Bí mo bá ti lo áyọ́ọ̀nù tán tí mo fẹ́ yọ pílọ́ọ̀gì ẹkisitẹ́ńṣọ̀n kúrò lára ògiri, ọwọ́ mi á kàn bá ooru tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú bọ̀. Màá yọ ọ́, màá gbàgbé, ó di ọjọ́ tí mo bá tún ní aṣọ láti lọ̀.

Ohun tó jẹ́ kó máa yọ mí lẹ́nu ni pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní mítà nílé. Mo yọ ẹkisitẹ́ńṣọ̀n náà, mo yí mítà sí ibi tí a ti ń wọn ìdíwọ́, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, mo fi ẹnu rẹ̀ kan kan ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì, mo ki ìkejì bọ ihò tó wà ní ìparí wáyà. Ó ka 0.4 óòmù. Mo ṣe ti ẹsẹ̀ kejì: 0.4 náà ni. Mo wá fi ẹnu mítà méjèèjì kan ara wọn láìsí nǹkan kan láàárín wọn, ó ka 0.3. Ìyẹn ni pé wáyà mítà fúnra rẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú iye tí mo ń rí. Nǹkan bí 0.1 ló kù fún ẹkisitẹ́ńṣọ̀n, bẹ́ẹ̀ ó sì yẹ kó kéré bẹ́ẹ̀: wáyà bàbà ni, irú èyí tí àwọn oníná ń pè ní 1.5, kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 16 lọ.

Bí ìdíwọ́ kò bá sí níbẹ̀, kí ló wá ń gbóná? Ìbéèrè yìí ni mo gbé kiri. Ó sì ń bí mi nínú, nítorí mo rò pé mo mọ ìṣirò yìí.

Ìdáhùn méjì fún ìbéèrè kan

Ìṣirò náà kò le. Bí èèyàn bá mọ iye fólítì tó wà láti orí nǹkan dé ìdí rẹ̀, tó sì mọ iye áḿpíà tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, kó pín ti àkọ́kọ́ sí ti ìkejì, ìdíwọ́ nǹkan náà nìyẹn ní óòmù. Kó sọ méjèèjì di púpọ̀ mọ́ra wọn, agbára tí nǹkan náà ń jẹ nìyẹn ní wáàtì. R = V ÷ I. P = V × I. V ni fólítì, ìyẹn ohun tó ń ti iná; I ni áḿpíà, ìyẹn ìṣàn iná; R ni ìdíwọ́; P ni agbára. Láti ara méjì yìí ni àwọn yòókù ti jáde: P = I² × R, àti P = V² ÷ R.

Mo kọ́kọ́ dán an wò lára áyọ́ọ̀nù, torí wọ́n kọ ti ẹ̀ sí i lára: 230 fólítì, 2,000 wáàtì. Nígbà tó tutù, mítà ka 27 óòmù lẹ́yìn tí mo ti yọ 0.3 ti wáyà mítà kúrò. 230 lọ́nà 230 jẹ́ 52,900. Pín in sí 27, díẹ̀ ló kù kó pé 1,960 wáàtì. Ó bá ohun tí wọ́n kọ sí i lára mu dáadáa, inú mi sì dùn. Mo wá mú V² ÷ R kan náà, mo gbé e lé ẹkisitẹ́ńṣọ̀n pẹ̀lú 0.1 óòmù rẹ̀.

Ó fún mi ní 529,000 wáàtì.

Ìyẹn ju ohun tí irú áyọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ 260 ń jẹ lápapọ̀ lọ, nínú wáyà tí mo lè ká sínú àpò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, wáyà náà ì bá ti yọ́ dànù kí n tó ka ení, èjì. Mo yí sí I² × R. 230 tí a pín sí 27 jẹ́ 8.5 áḿpíà, 8.5 lọ́nà 8.5, kí a tún sọ ọ́ di púpọ̀ ní 0.1, ó jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 7. Wáàtì 7 tó fọ́n ká sí gbogbo gígùn wáyà kò lè mú pílọ́ọ̀gì gbóná tó ohun tí ọwọ́ mi ń bá.

Ìlànà méjèèjì ọmọ ìyá ni wọ́n, àmọ́ ọ̀kan ń pariwo, ìkejì ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èyí tó ń pariwo ní bí ìdíwọ́ bá ṣe kéré tó ni agbára ṣe ń pọ̀ tó. Èkejì ní rárá o, bí ìdíwọ́ bá ṣe pọ̀ tó ni agbára ṣe ń pọ̀ tó. Mo mọ̀ pé ìwé kò parọ́ fún mi, àti pé èmi ni mo ń ṣì í lò, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí mo ti ń ṣì í.

Ìpè kan lórí fóònù

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ iná. Kì í sábà kọ nǹkan sílẹ̀, orí ló fi ń ṣírò, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Mo pè é, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, mo wá fi 529,000 kádìí ọ̀rọ̀, mo ń retí kó rẹ́rìn-ín.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "230 tí o fi ṣírò yẹn, fólítéèjì ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, fólítéèjì iná ni."

"Iná wo? Fólítéèjì kì í dá wà. Àárín ibì kan sí ibòmíràn ló ń wà. 230 tìrẹ yìí, láti ibo dé ibo?"

Mo rò ó. "Láti láìfù, wáyà tó ń gbé iná wá, dé nútírà, èyí tó ń gbé e padà, sà."

"Kí lo gbé sáàárín láìfù àti nútírà?"

"Áyọ́ọ̀nù ni."

"Áyọ́ọ̀nù ló ni 230 nìyẹn. Kí ló dé tí o gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí o gbé e fún wáyà?"

Mo dákẹ́. Ó ní, "Bí o bá fẹ́ mọ ti wáyà, wọn ti wáyà, láti ìbẹ̀rẹ̀ wáyà dé ìparí rẹ̀. Kó wà lẹ́nu iṣẹ́ o. Èyí tó ń sùn, kí lo fẹ́ bi í?" Ó ní orí àkàbà lòun wà, ó sì gé fóònù.

Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ìbéèrè tó bi mí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, ó sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ V, I àti R, mo kàn ń wò wọ́n bíi lẹ́tà tí a ń fi iye rọ́pò. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní olówó tó ni ín. Àwọn àgbà ní tẹni ni tẹni, tàkísà ni tààtàn. V tí a máa pín sí R, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ohun kan náà ló ni àwọn méjèèjì, ní àkókò kan náà.

Ìgbà tí mo rí èyí ni mo tó mọ ìdí tí I² × R kò fi tàn mí jẹ tó ìkejì rẹ̀. Lójú ọ̀nà kan ṣoṣo tí kò ní ẹ̀ka, ìṣàn kan náà ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá. Áḿpíà tó wọ ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì ló wọ wáyà, òun ló wọ áyọ́ọ̀nù, òun ló ń padà gba nútírà. Kò sí èyí tó ń jẹ nínú rẹ̀ kó tó fi jíṣẹ́ fún ẹni tó kàn. Nítorí náà, ibi yòówù kéèyàn ti wọn áḿpíà lójú ọ̀nà yẹn, gbogbo wọn ló ni ín. Fólítéèjì ni wọ́n ń pín láàárín ara wọn, kálukú sì ń gba ìpín tirẹ̀ ní ìwọ̀n ìdíwọ́ tirẹ̀. Áyọ́ọ̀nù gba ti àgbà, wáyà gba èérún. Èmi wá mú ìpín àgbà, mo fi bo èérún mọ́lẹ̀, mo sì ń ṣe hàà nígbà tí ìdáhùn di òkè.

Lẹ́nu iṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ tó kàn yìí dánra wò bí kò bá mọ iṣẹ́ iná. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Oníbejì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára ògiri mi. Ẹkisitẹ́ńṣọ̀n wà nínú ọ̀kan, ìkejì ṣófo, àmọ́ irin kan náà ló pín iná fún àwọn méjèèjì láti inú. Mo fi ẹnu mítà kan sí láìfù ihò tó ṣófo, mo fi ìkejì sí láìfù ihò tó wà ní ìparí ẹkisitẹ́ńṣọ̀n. Láìfù sí láìfù nìyẹn. Èyí dára ju kí n wọn 226 níhìn-ín kí n tún lọ wọn 223 lọ́hùn-ún kí n wá yọ ọ̀kan nínú ìkejì, torí iná fúnra rẹ̀ ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé ọ̀hún.

Fún áḿpíà, mo lo mítà ẹlẹ́mùú, èyí tó ń la ẹnu gbá wáyà mú láìgé e. Ó ní àṣírí kan tó máa ń dójú ti ẹni tó bá kọ́kọ́ lò ó: bó bá gbá láìfù àti nútírà mú pọ̀, òdo ló máa kà, nítorí èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ti pa ara wọn rẹ́. Ẹ̀gbọ́n yá mi wáyà kúkúrú kan tí wọ́n ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ lára rẹ̀. Mo fi í sáàárín ẹkisitẹ́ńṣọ̀n àti áyọ́ọ̀nù, mo gbé ẹ̀mú lé láìfù nìkan. Mo tan áyọ́ọ̀nù.

8.0 áḿpíà. Láìfù sí láìfù: 2.6 fólítì. Mo pa á, mo gbé ẹnu mítà sí nútírà sí nútírà, mo tún un tàn: 0.6 fólítì.

Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Wáyà kan náà, gígùn kan náà, bàbà kan náà, ìṣàn kan náà. Kí ló dé tí ẹ̀gbẹ́ kan gba 0.6 tí ìkejì gba 2.6? Nútírà ni wáyà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá: 0.6 tí a pín sí 8 jẹ́ 0.075 óòmù, bó ṣe yẹ kí ẹsẹ̀ bàtà 16 rí. Láìfù ní 2.0 fólítì lé lórí èyí tó tọ́ sí i. 2.0 pín sí 8 jẹ́ 0.25 óòmù. 2.0 lọ́nà 8 jẹ́ wáàtì 16.

Wáàtì 16 yìí kò fọ́n ká sí gígùn wáyà kankan. Ojú kan ló wà, níbi tí irin inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń gbá ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì mú, ibi tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà kan. Irin kékeré tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju wáàtì 15 sí 25 lọ. Ohun tó wà nínú ògiri mi nìyẹn, tó ń ṣiṣẹ́ nígbàkúùgbà tí mo bá ń lọ aṣọ, láìsẹ́ni tó gbà á síṣẹ́.

Mo wá lóye ìdí tí mítà kò fi rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí n tó wọn ìdíwọ́, mo ti kọ́kọ́ yọ pílọ́ọ̀gì. Bí mo ṣe yọ ọ́ ni àárín irin méjì yẹn ti tú ká, ibi tó ń ṣàìsàn kò sì sí mọ́. Èyí tó kù lọ́wọ́ mi ni èyí tí ara rẹ̀ yá, ó sì jẹ́wọ́ pé ara òun yá.

Áyọ́ọ̀nù ńkọ́? Bí a bá yọ 2.6 àti 0.6 kúrò nínú 226 tó wà lára ògiri, 222.8 fólítì ló kù fún un, lórí 8 áḿpíà: 1,782 wáàtì. Kò mọ̀ pé wọ́n jí nǹkan kan lọ́wọ́ òun. Wáàtì 16 nínú bíi 1,800 kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, aṣọ sì ń lọ̀ bó ṣe ń lọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má dánra wò rèé. Nígbà tí mítà ka 2.6, ó dà bíi bátìrì tọ́ọ̀ṣì lójú. Àmọ́ 2.6 yẹn, ti ta ni? Ti àárín láìfù kan sí láìfù kejì ni. Èmi tí mo fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, bí ọwọ́ mi bá fara kan ọ̀kankan nínú wọn, gbogbo 226 ló di tèmi. Ara tó rin lè má ní ju nǹkan bí 1,000 óòmù lọ: 0.23 áḿpíà nìyẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sílé láti gé iná kó má bàa pa èèyàn, 0.03 áḿpíà péré ni wọ́n sábà fún un láyè kó tó gé e.

Ohm àti lẹ́tà b

Ó bọ́ sí mi lọ́kàn láti padà lọ wo bí ẹni tó ni òfin yìí ṣe rí i. Georg Simon Ohm, ọmọ ẹni tó ń rọ kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo, tí wọ́n bí ní Erlangen ní Jámánì ní 1789. Olùkọ́ ilé ìwé ni, ní ìlú Cologne, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í na wáyà láti mọ bí gígùn rẹ̀ ṣe ń dín iná kù. Ní 1825 ó tẹ èsì àkọ́kọ́ jáde, èsì yẹn kò sì tọ̀nà.

Bátìrì ló tàn án. Irú bátìrì tó wà nígbà náà máa ń rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́: bí ẹ bá ṣe ń fa iná lára rẹ̀ ni agbára tó fi ń ti iná ń wálẹ̀. Nítorí náà, ohun tó rò pé wáyà ló ń ṣe é, apá kan rẹ̀ bátìrì ló ń ṣe é. Ó ń ka ẹ̀sùn ẹnìkan sí ẹlòmíràn lọ́rùn, bíi tèmi gẹ́lẹ́. Poggendorff, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Jámánì, ló gbà á nímọ̀ràn pé kó fi bátìrì sílẹ̀, kó lo irin méjì tí a so pọ̀, bàbà àti bismuth, kí ojú ìsopọ̀ kan wà nínú omi tó ń hó, kí ìkejì wà nínú yìnyín. Omi tó ń hó kì í gbóná ju bó ṣe ń gbóná lọ, yìnyín tó ń yọ́ kì í sì í tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ohun tó ń ti iná náà dúró sójú kan.

Ó wá lo wáyà bàbà mẹ́jọ tí gígùn wọn yàtọ̀ síra, ó sì kọ èsì rẹ̀ ní 1826 báyìí: X = a ÷ (b + x). X ni bí ìṣàn náà ṣe lágbára tó, x ni gígùn wáyà tó ń dán wò, a dúró fún ohun tó ń ti iná. Lẹ́tà b ni mo tẹjú mọ́ jù. Ó dúró fún gbogbo ohun yòókù lójú ọ̀nà iná náà tí kì í ṣe wáyà tó wà lórí tábìlì: irin méjèèjì, ojú ìsopọ̀ wọn, ohun tó di wáyà mú. Kò fẹ́ mọ̀ wọ́n, àmọ́ kò díbọ́n pé wọn kò sí. Ó fún wọn ní lẹ́tà kan, ó sì jẹ́ kí wọ́n jókòó sínú ìṣirò.

Nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wa, wọ́n ti nu b yẹn kúrò kó lè rọrùn fún ọmọdé. Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n b ni pílọ́ọ̀gì mi.

Odindi ìwé rẹ̀ jáde ní 1827, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ kà á sí ní Jámánì. 1841 ni Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley. Ẹni kan tiẹ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, Henry Cavendish, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń fi ara tirẹ̀ ṣe mítà, tó ń jẹ́ kí iná gbọ̀n òun láti mọ bó ṣe le tó. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Inú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni Maxwell, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, ti hú u jáde ní 1879, nígbà tí Ohm fúnra rẹ̀ ti kú ní ọdún 25 sẹ́yìn.

Gílóòbù tó tutù

Kí n má bàa rò pé ọ̀rọ̀ ibi tí a ti wọ̀n ọ́n nìkan ni, gílóòbù kan tún kọ́ mi ní ti àkókò. Gílóòbù àtijọ́ ni, oní-wáyà, 60 wáàtì. Mo wọn ìdíwọ́ rẹ̀ nígbà tó tutù: 65 óòmù. Bí a bá pín 230 sí 65, 3.5 áḿpíà ni, ó sì lé ní 800 wáàtì. A sì kọ 60 sí i lórí!

Mo tàn án, mo wọn ìṣàn rẹ̀: 0.26 áḿpíà lórí 230 fólítì. Sọ ọ́ di púpọ̀, 60 wáàtì. Pín in, 885 óòmù. Wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ máa ń gbóná dé nǹkan bí 2,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bó sì ṣe ń gbóná ni ìdíwọ́ rẹ̀ ń ga, títí yóò fi lé ní ìlọ́po 13 ohun tó jẹ́ nígbà tó tutù. 65 tí mítà kà kì í ṣe irọ́. Ó jẹ́ òótọ́ nípa gílóòbù tó wà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe nípa èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀. Àní 800 wáàtì yẹn pàápàá wáyé rí, fún ìgbà tí kò tó ìpajú, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà tí a bá ń tan irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń já.

Áyọ́ọ̀nù ló bà mí jẹ́ ní ti èyí. Irú irin tí wọ́n fi ṣe inú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bó bá gbóná: 27 nígbà tó tutù, 27.85 lẹ́nu iṣẹ́. Torí pé ó bá mi lò bẹ́ẹ̀ ni mo fi rò pé gbogbo nǹkan ló rí bẹ́ẹ̀.

0.25 kan náà, ilé mìíràn

Lẹ́yìn èyí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé 0.25 óòmù yẹn kiri lọ́kàn, mò ń wò ó níbòmíràn. Gbé e sínú wáyà tí a fi ń gba iná sí fóònù, 5 fólítì, 2 áḿpíà. 2 lọ́nà 0.25 jẹ́ ààbọ̀ fólítì: ìdá kan nínú mẹ́wàá ti pòórá kó tó dé fóònù. Àmọ́ ooru rẹ̀ kò ju wáàtì 1 lọ, tó fọ́n ká sí gbogbo gígùn wáyà. Ọwọ́ kò tiẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Nídìí áyọ́ọ̀nù, 0.25 yìí fẹ́ jó ilé, áyọ́ọ̀nù kò sì mọ̀. Nídìí fóònù, kò lè jó nǹkan kan, àmọ́ fóònù lè pẹ́ kó tó kún. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá 0.25 óòmù pọ̀ tàbí kéré, n kò ní lè dáhùn kí n tó bi í ní ìbéèrè tèmi.

Ohun tó mú kí ìyàtọ̀ náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ ni pé a ń sọ ìṣàn di púpọ̀ mọ́ ara rẹ̀. James Joule ló fi èyí hàn, nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1841: ó ki wáyà bọ omi, ó ń wo bí omi ṣe ń gbóná, ó rí i pé bí ìṣàn bá di ìlọ́po méjì, ooru di ìlọ́po mẹ́rin. Orí rẹ̀ ni gbogbo àwọn òpó iná ńláńlá dúró lé. Ẹ fi 10,000 wáàtì ránṣẹ́ gba ọ̀nà tó ní 1 óòmù. Ní 230 fólítì, 43.5 áḿpíà ni, nǹkan bí 1,890 wáàtì á di ooru lójú ọ̀nà. Ní 2,300 fólítì, 4.35 áḿpíà ni, wáàtì 19 péré ló sọnù.

Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ta kókó: bí V² ÷ R bá jẹ́ òótọ́, ṣé fólítéèjì tó ga kọ́ ló yẹ kó fi púpọ̀ ṣòfò? Mo ti wà nínú kókó yẹn rí. 2,300 kì í ṣe ti wáyà. Wáyà kò ní ju 4.35 fólítì lọ nínú rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé ìparí rẹ̀, ìyẹn lọ́nà ara rẹ̀ ni a ó pín sí 1. Wáàtì 19 náà ni.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun

Mo pa iná láti ibi tó ti ń wọlé, mo tú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Irin tó yẹ kó gbá ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì mú ní ìhà láìfù ti là gbàgà, ó ti dúdú, ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ti nútírà ń dán. Mo pààrọ̀ odindi rẹ̀, mo sì fi pílọ́ọ̀gì tuntun sórí ẹkisitẹ́ńṣọ̀n, torí ẹsẹ̀ láìfù ti àtijọ́ náà ti ṣú.

Mo tún to gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà: ẹnu mítà láìfù sí láìfù, ẹ̀mú lórí wáyà kúkúrú, áyọ́ọ̀nù lórí ìdúró rẹ̀. Mo dé ibi mítà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ń ka 0.0. Inú mi dùn dé góńgó. Mo pe ẹ̀gbọ́n lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti parí o! Òdo! Kò sí nǹkan kan tó ń sọnù lórí láìfù mọ́."

"Òdo?" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Lórí áḿpíà mélòó?"

Mo bojú wo mítà ẹlẹ́mùú. Òun náà ń ka 0.0. Mo wo áyọ́ọ̀nù: iná pupa kékeré orí rẹ̀ ti kú, ó ti gbóná tó, ó ti gé ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù.

Ó ní kí n má gé fóònù. A jọ dúró bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, títí áyọ́ọ̀nù fi ké tákì tí iná pupa rẹ̀ tún tàn. Áḿpíà di 8.0. Fólítì gòkè, ó sì dúró sójú kan.

"Èló?"

"0.6, sà."

"Ẹ̀hẹ́n," ó ní, ó sì gé fóònù.